Owó Ìfẹ̀yìntì Nígbà tí Ọjà Kò Dúró Sójú Kan: Ọ̀rọ̀ Àwọn Òbí Wa ní New York

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Nínú òwe kékeré yìí ni ètò ìfẹ̀yìntì àwọn baba ńlá wa wà. Ẹni tó bá bímọ, tó tọ́ wọn dáadáa, tó sì ní oko tàbí ilé, kò bẹ̀rù ọjọ́ ogbó, torí ó mọ̀ pé àwọn ọmọ ló máa tọ́jú òun. Ṣùgbọ́n ní ìlú New York tí a wà yìí, òkété ti dàgbà, ọmọ òkété sì ń san gbèsè owó ilé-ẹ̀kọ́. Ó ń san owó ilé ní Brooklyn tàbí ní Bronx, ó tún ń san owó fún àwọn tó ń bá a tọ́jú ọmọ. Ọmú tó kù fún òkété láti mu kò pọ̀ mọ́. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí gbogbo ilé Yorùbá níbí jókòó sọ ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì.

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n bí sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló mọ ohùn yìí: "Wá bá mi wo lẹ́tà yìí. Kí ni wọ́n ń wí?" Lẹ́tà náà wá láti ilé-iṣẹ́ tó ń bá màmá tàbí bàbá yín tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì. Ó sọ pé owó náà ti dín kù. Òbí yín fẹ́ mọ̀ bóyá kí àwọn kó o jáde kó tó tán, bóyá kí àwọn fi í sílẹ̀, tàbí kí àwọn fi kọ́lé sí Ìbàdàn. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ lẹ́tà náà, ṣùgbọ́n Yorùbá ni ẹ máa fi dáhùn. Nítorí náà, iṣẹ́ méjì ni àròkọ yìí fẹ́ ṣe: ó fẹ́ ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí, ó sì fẹ́ fún yín ní ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ẹ lè fi bá àwọn àgbà jíròrò láìṣe pé ẹ ń wá ọ̀rọ̀ kiri.

Ààrò mẹ́ta tí owó ogbó jókòó lé

Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ní Amẹ́ríkà, ààrò mẹ́ta ni owó ogbó máa ń jókòó lé.

Ààrò kìíní ni Social Security, tí Ààrẹ Franklin Roosevelt fọwọ́ sí òfin rẹ̀ ní ọdún 1935. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ tó máa fún un ní àmì 40, èyí tó jẹ́ nǹkan bí ọdún 10 tí ó fi ń san owó-orí. Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ti dàgbà kí wọ́n tó wọ ìlú yìí kò mọ̀ ni pé ọdún 35 tí owó iṣẹ́ èèyàn pọ̀ jù lọ ni ìjọba máa ń fi ṣírò. Bí ẹnì kan bá dé New York ní ẹni ọdún 45, tó sì ṣiṣẹ́ fún ọdún 20, ọdún 15 tó kù máa wọ inú ìṣirò náà gẹ́gẹ́ bí òdo. Iṣẹ́ tí wọ́n ń san owó rẹ̀ sí èèyàn lọ́wọ́ láìsan owó-orí kò sì sí nínú ìṣirò rárá. Kò sí àdéhùn láàárín Amẹ́ríkà àti Nàìjíríà tó lè jẹ́ kí ọdún tí èèyàn fi ṣiṣẹ́ ní Èkó tàbí ní Ìlọrin kún ti ibí.

Ààrò kejì ni owó ìfẹ̀yìntì tí agbanisíṣẹ́ ṣèlérí pé òun á máa san lóṣooṣù títí ọjọ́ ikú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìlú New York ní irú èyí: àwọn kan wà lábẹ́ NYCERS, àwọn olùkọ́ sì wà lábẹ́ TRS. Òfin ìpìlẹ̀ ìpínlẹ̀ New York kò gbà kí ẹnikẹ́ni dín owó yìí kù fún ẹni tó ti wọ inú ètò náà. Bí ọjà bá wó, wàhálà ìlú nìyẹn, kì í ṣe ti òṣìṣẹ́. Láti ọdún 2022, ọdún 5 lẹ́nu iṣẹ́ ti tó fún àwọn tó wọ ètò náà láti oṣù kẹrin ọdún 2012 kí wọ́n tó ní ẹ̀tọ́ sí owó yìí. Ọdún 10 ni tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ti lo ọdún 4, tó fẹ́ fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ẹ sọ fún un kó kọ́kọ́ ka ọjọ́ dáadáa.

Ààrò kẹta ni owó tí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ń kó pa mọ́. Orúkọ tí ẹ máa gbọ́ jù ni 401(k), tó gba orúkọ rẹ̀ láti inú apá kan nínú òfin owó-orí tí wọ́n ṣe ní ọdún 1978. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn àti ilé-ẹ̀kọ́ ní tiwọn, 403(b). Ẹnikẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ sì lè ṣí IRA fúnra rẹ̀. Ní ọdún 2025, ìpínlẹ̀ New York bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó ń jẹ́ Secure Choice fún àwọn òṣìṣẹ́ aládàáni tí ọ̀gá wọn kò ní irú ètò bẹ́ẹ̀, bí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bá ti tó 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n máa ń yọ ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù sínú rẹ̀, àfi bí òṣìṣẹ́ bá sọ pé òun ò fẹ́ tàbí pé kí wọ́n yí i padà.

Ní ààrò kẹta yìí ni ìpinnu wà, òun náà sì ni ìbẹ̀rù wà. Kò sí ẹni tó ṣèlérí ohunkóhun. Òṣìṣẹ́ ló máa yan ibi tí owó máa wà. Èrè tirẹ̀ ni, àdánù náà tirẹ̀ ni.

Kí ni ìpín, kí sì ni bọ́ǹdì?

Ká tó lè sọ̀rọ̀ nípa ọjà, ká mọ ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀. Ká ní èèyàn 100 dáwó jọ, wọ́n ra oko kòkó kan. Olúkúlùkù wọn ní ìpín kan. Bí kòkó bá so, tí owó rẹ̀ sì dára, gbogbo wọn jẹ èrè. Bí kòkó bá kú, gbogbo wọn ló jẹ gbèsè ojú. Ìpín nìyẹn, tí àwọn mìíràn ń pè ní ṣíà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yá olóko lówó, tó sì ṣèlérí pé òun á san èlé lọ́dọọdún, òun á sì dá owó yín padà lẹ́yìn ọdún 10, bọ́ǹdì nìyẹn. Ẹ ò ní jẹ nínú èrè ńlá oko náà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san owó fún kí àwọn onípìn-ín tó mú tiwọn.

Inú 401(k), àwọn èèyàn kì í sábà ra ìpín ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo. Àpò ni wọ́n máa ń rà, tí ìpín ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé-iṣẹ́ tàbí ọ̀pọ̀ bọ́ǹdì wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn àpò tó gbajúmọ̀ ń tẹ̀ lé S&P 500, ìyẹn nǹkan bí 500 ilé-iṣẹ́ ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n bá sọ lórí rédíò pé "ọjà ti wó," ohun tí wọ́n sábà ń wí nìyẹn.

Ohun tí ojú àwọn olówó ìfẹ̀yìntì ti rí

Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò sì lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ẹ jẹ́ ká wo ìgbà mẹ́ta láìpẹ́ yìí.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2007, S&P 500 wà ní 1,565. Ọ̀rọ̀ gbèsè ilé bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú, ilé-iṣẹ́ Lehman Brothers tó wà ní New York yìí kógbá sílé ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2008, nígbà tó sì di oṣù kẹta ọdún 2009, ọjà náà ti já wá sí nǹkan bí 676. Ó ti sọ ju ìdajì lọ nù. Ó di ọdún 2013 kó tó padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀.

Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà dé, ọjà náà sọ nǹkan bí ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún nù láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹta. Ìdá mẹ́ta ọ̀nà ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di oṣù kẹjọ, ó ti padà síbi tó wà. Ẹni tó kó owó rẹ̀ jáde ní oṣù kẹta nítorí ẹ̀rù, tó ń dúró kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ọjà ti kọjá lára rẹ̀.

Ní ọdún 2022, nǹkan mìíràn ṣẹlẹ̀. Ọ̀wọ́n gógó dé, báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà sì gbé èlé sókè láti ẹ̀gbẹ́ òdo dé ohun tó ju ìdá 4 lọ kí ọdún tó parí. Bí èlé bá gòkè, owó bọ́ǹdì àtijọ́ máa ń já. Ìdí rẹ̀ kò le: bí bọ́ǹdì $1,000 tó wà lọ́wọ́ yín bá ń mú $20 wá lọ́dún, tí tuntun sì ń mú $40 wá, ta ló máa fún yín ní $1,000 lórí ti àtijọ́? Ní ọdún yẹn, ìpín àti bọ́ǹdì jọ já pọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò gbé e. Ká ní bàbá kan ní $200,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2008, gbogbo rẹ̀ sì wà nínú ìpín S&P 500. Ìpín yẹn já ní ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún ní ọdún yẹn, nítorí náà $126,000 ló kù. Ẹ kíyè sí i: kí $126,000 tó padà di $200,000, kò ní gòkè ní ìdá 37, nǹkan bí ìdá 59 ló gbọ́dọ̀ fi gòkè. Bí ìdajì owó náà bá wà nínú bọ́ǹdì tó gbòòrò, tó jèrè nǹkan bí ìdá 5 ní ọdún yẹn, nǹkan bí $168,000 ni ì bá kù. Bọ́ǹdì gbà á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní ọdún 2022 ni, pẹ̀lú ìdajì-ìdajì kan náà: ìpín já ní nǹkan bí ìdá 18, bọ́ǹdì já ní nǹkan bí ìdá 13, owó náà sì di nǹkan bí $169,000. Ibi kan náà ló já sí, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí bọ́ǹdì kò fi bẹ́ẹ̀ gbà á sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kò sí ohun kan tó máa ń dáàbò bo èèyàn ní gbogbo ìgbà.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà

Kì í ṣe Wall Street nìkan ni owó ogbó ti ń ṣòfò ní ìlú yìí. Ẹ wo takisí aláwọ̀ yẹ́lò. Kí èèyàn tó lè ní takisí yẹn, ó gbọ́dọ̀ ní medallion, ìyẹn àwo kékeré tí wọ́n ń kàn mọ́ iwájú ọkọ̀ láti fi hàn pé ìjọba fún un láyè. Ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1937. Nítorí pé ìjọba kì í jẹ́ kó pọ̀, owó rẹ̀ ń gòkè lọ́dọọdún, àwọn awakọ̀ tó wá láti ilẹ̀ Áfíríkà, Éṣíà àti Haiti sì gbà pé òun ni owó ìfẹ̀yìntì wọn. Ìlú fúnra rẹ̀ ń polówó rẹ̀ pé ó dára ju ọjà ìpín lọ. Ní ọdún 2014, ọ̀kan ti ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ. Ṣùgbọ́n Uber ti wọ New York ní ọdún 2011, gbèsè tí kò ṣeé san sì ti pọ̀ jù nínú òwò náà. Nígbà tó di ọdún 2018, medallion kan kò tó $200,000 mọ́, gbèsè orí rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Àwọn awakọ̀ kan pa ara wọn. Ní ọdún 2021, àwọn awakọ̀ fi ebi panu níwájú gbọ̀ngàn ìjọba ìlú fún ọjọ́ 15 kí wọ́n tó rí àdéhùn tó dín gbèsè ọ̀pọ̀ wọn kù sí $170,000.

Ẹ tún rántí Enron ní Houston. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fi èyí tó pọ̀ jù nínú owó 401(k) wọn ra ìpín ilé-iṣẹ́ Enron fúnra rẹ̀. Ìpín náà tó $90 ní ọdún 2000. Ní oṣù kejìlá ọdún 2001, ilé-iṣẹ́ náà kógbá sílé. Iṣẹ́ lọ lọ́jọ́ kan náà, owó ogbó tẹ̀ lé e.

Awakọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀lẹ, òṣìṣẹ́ Enron kì í ṣe òmùgọ̀. Ohun tó pa wọ́n lára ni pé ohun tí wọ́n ń jẹ lónìí àti ohun tí wọ́n máa jẹ lọ́la wà lójú kan náà. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà kan ò gbọ́dọ̀ wọ ogbó.

Ilé ní Nàìjíríà ńkọ́?

Ibi tí àríyànjiyàn ti máa ń le jù nínú ilé wa nìyí. Àwọn àgbà máa sọ pé: "Ilé ò kì í sá lọ. Ṣíà, mi ò fojú rí i." Òótọ́ wà níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ padà sílé nílò ibi tó máa sùn. Àmọ́ ilé tí a máa gbé yàtọ̀ sí ilé tí a fẹ́ máa fi gba owó jẹun.

Ká ní ilé kan ní Ìbàdàn ń mú ₦600,000 wá lọ́dún. Ní ọdún 2014, nígbà tí dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí ₦160, $3,750 nìyẹn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ìjọba Nàìjíríà jẹ́ kí náírà máa wá iye tirẹ̀ lọ́jà, ní ọdún 2024 dọ́là kan sì dé nǹkan bí ₦1,500. Iye owó ilé kan náà ti di $400. Lóòótọ́, onílé lè fi kún owó ilé, ṣùgbọ́n mélòó ni ayálégbé máa lè san? Bí màmá bá fẹ́ fi owó náà san ìwé iná ní Queens, kò ní tó.

Ọjà ìpín ní Èkó náà kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kan náà. Atọ́ka rẹ̀ ju 66,000 lọ ní oṣù kẹta ọdún 2008. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, kò tó 20,000 mọ́ nígbà kan. Ó di ọdún 2023 kó tó kọjá ibi tó wà ní ọdún 2008. Ṣùgbọ́n dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí ₦118 ní ọdún 2008. Ní ọdún 2023 yẹn, ó ti ju ₦700 lọ. Ẹni tó ń náwó ní New York kò tíì gba owó rẹ̀ padà rárá.

Ẹ yí i padà báyìí. Ẹni tó fẹ́ lọ gbé ní Abẹ́òkúta, tí Social Security rẹ̀ ń wọlé ní dọ́là, náírà tó ń já kò pa á lára tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ máa bi òbí yín kì í ṣe "èwo ló lérè jù?" Ìbéèrè náà ni: "Níbo lẹ fẹ́ gbé nígbà tí ẹ bá fẹ̀yìntì, owó wo lẹ sì máa máa ná níbẹ̀?" Ibi tí wọ́n bá ti máa náwó ni kí èyí tó pọ̀ jù nínú owó wọn jọ.

Àjọ, èsúsú àti 401(k)

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìwádìí lórí àṣà, ẹ lè rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Samuel Johnson mẹ́nu kan èsúsú nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1921, William Bascom sì kọ àròkọ kan lórí rẹ̀ ní ọdún 1952. Àwọn ará Caribbean ní Brooklyn ń dá a títí dòní, susu ni wọ́n ń pè é.

Agbára èsúsú ni pé ó ń fi ipá mú èèyàn kó owó pa mọ́: ojú ń ti ẹni tí kò bá dá tirẹ̀. 401(k) ní agbára kan náà, torí wọ́n ti yọ owó náà kó tó dé ọwọ́ yín. Ṣùgbọ́n èsúsú kì í bí èlé. Ẹni tó kó kẹ́yìn gba iye tó dá, nígbà tí ọjà ti gbówó lórí. Ó dára fún owó ilé-ẹ̀kọ́ tàbí owó ọkọ̀. Kò lè gbé ogbó ọdún 25. Ohun mìíràn tún wà: ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ máa ń fi owó tiwọn kún èyí tí òṣìṣẹ́ bá dá sínú 401(k). Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ fi 50 sẹ́ńtì kún dọ́là kọ̀ọ̀kan, tó sì kọ̀ láti dá a, owó oṣù rẹ̀ ló ń dá padà fún ọ̀gá.

Báwo la ṣe máa pín in?

Àgbẹ̀ tó gbọ́n máa ń ya iṣu sọ́tọ̀: èyí tí ilé máa jẹ, èyí tí wọ́n máa tà, àti èèbù tí wọ́n máa gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Nígbà ìyàn, ohun tó ń ba oko jẹ́ jù lọ ni kí èèyàn jẹ èèbù rẹ̀. Ẹni tó ta ìpín rẹ̀ nígbà tí ọjà wó, kó lè rí owó jẹun, èèbù ló ń jẹ.

Ká fi màmá kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó jẹ́ ẹni ọdún 64, ó fẹ́ fẹ̀yìntì ní 67. Ó ní $180,000 nínú 403(b). Ó ṣírò pé òun máa nílò $3,000 lóṣù. Social Security rẹ̀ àti owó ìfẹ̀yìntì kékeré kan jọ máa mú $2,200 wá. Ó ku $800 lóṣù, ìyẹn $9,600 lọ́dún.

Owó jíjẹ: ọdún 3 jẹ́ $28,800. Èyí kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ìpín. Kó wà ní ibi tí kì í mì, bí owó inú báńkì, tí ìjọba ń dúró fún nípasẹ̀ FDIC títí dé $250,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní báńkì kọ̀ọ̀kan, tàbí bọ́ǹdì ìjọba tí kì í pẹ́.

Owó àárín: ọdún 7 tó tẹ̀ lé e jẹ́ $67,200. Èyí lè wà nínú bọ́ǹdì. Láti ọdún 1997 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ń ta TIPS, bọ́ǹdì tó máa ń gòkè bí ọ̀wọ́n gógó bá ṣe gòkè.

Owó èèbù: $84,000 tó kù, tí kò ní fọwọ́ kàn fún ọdún 10. Èyí lè wà nínú ìpín tó gbòòrò. Bí ọdún 2008 mìíràn bá dé, tó já ní ìdá 37, ó máa di nǹkan bí $53,000. Ó máa dun màmá, ṣùgbọ́n oúnjẹ kò ní wọ́n lórí tábìlì, kò sì ní tà á.

Ìpín yìí kì í ṣe òfin. Ẹni ọdún 30 lè fi púpọ̀ sínú èèbù, ẹni tó ní àìsàn lè fi púpọ̀ sínú owó jíjẹ. Ọ̀nà ìrònú ni mo fẹ́ kí ẹ mú.

Nǹkan mẹ́ta tún kù. Àkọ́kọ́, ẹ wo owó iṣẹ́ tí àwọn tó ń tọ́jú àpò ń gbà. Bí $100,000 bá ń jèrè ìdá 6 lọ́dún fún ọdún 25, tí wọ́n sì ń yọ ìdá 1, ó máa di nǹkan bí $339,000. Bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìyẹn ni wọ́n ń yọ, ó máa di nǹkan bí $419,000. Ó ju $80,000 lọ tó lọ lọ́wọ́ màmá láìsí ariwo.

Ìkejì, ẹ má jẹ́ kí orúkọ tàn yín. Àwọn àpò kan wà tí wọ́n kọ ọdún ìfẹ̀yìntì sí lára. Ní ọdún 2008, àwọn àpò tí wọ́n kọ 2010 sí, tó jẹ́ ti àwọn tó fẹ́ fẹ̀yìntì lẹ́yìn ọdún 2, sọ owó nù láti bí ìdá 4 dé ìdá 41. Orúkọ kan náà, inú wọn ò jọra. Ẹ ṣí i, ẹ wo ìwọ̀n ìpín tó wà nínú rẹ̀.

Ìkẹta, ọjọ́ tí èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gba Social Security jẹ́ ìdókòwò fúnra rẹ̀. Fún àwọn tí wọ́n bí ní ọdún 1960 tàbí lẹ́yìn rẹ̀, 67 ni ọjọ́ orí tó pé. Ẹni tó yẹ kó gba $1,500 ní 67 máa gba $1,050 bó bá bẹ̀rẹ̀ ní 62, àti $1,860 bó bá dúró dé 70. Owó yìí kì í já nígbà tí ọjà bá já, ìjọba sì ń fi kún un bí ọ̀wọ́n gógó bá dé. Ẹni tí ara rẹ̀ le, tó sì ṣì lè ṣiṣẹ́, ṣòro kó rí irú èrè bẹ́ẹ̀ níbòmíràn.

Ẹ ṣọ́ra fún gbájúẹ̀

Nígbà tí ọjà bá dojú rú ni àwọn oníjìbìtì máa ń jáde. Wọ́n mú Bernard Madoff ní New York ní oṣù kejìlá ọdún 2008, ilé-ẹjọ́ sì rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún 150 ní ọdún 2009. Èrè tí kì í gòkè kì í sọ̀ ló ń kọ fún àwọn èèyàn, bí ọjà tilẹ̀ wó. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó pàdánù jẹ́ Júù bíi tirẹ̀; ọ̀rẹ́ ló ń mú ọ̀rẹ́ wá. Ní Nàìjíríà, MMM ṣèlérí ìdá 30 lóṣooṣù kó tó ti ìlẹ̀kùn mọ́ owó àwọn èèyàn ní oṣù kejìlá ọdún 2016. Torí náà, bí ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí tàbí ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú bá sọ fún màmá yín pé èrè dájú, ẹ béèrè ta ló ń tọ́jú owó náà àti ibi tó ti forúkọ sílẹ̀. Jíjẹ́ ọmọ ìlú kan náà kì í ṣe ìwé ẹ̀rí.

Ìjíròrò kékeré

Ẹ wo bí irú ọ̀rọ̀ yìí ṣe lè lọ. Ẹ kíyè sí i pé ọmọ ń lo "ẹ", màmá ń lo "o", àti pé ọmọ ń béèrè kó tó sọ èrò tirẹ̀.

Màmá: Owó mi ti lọ sílẹ̀ o. Mo fẹ́ kó o jáde lọ́la.
Ọmọ: Ẹ pẹ̀lẹ́, Mọ́mì. Ṣé ẹ máa nílò owó yẹn lọ́dún yìí?
Màmá: Rárá. Mo ṣì ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ kó má tán ni.
Ọmọ: Ó yé mi. Ẹ ti tó ọdún mélòó báyìí?
Màmá: Ṣé o ò mọ ọjọ́ orí ìyá ẹ ni? Méjìdínlọ́gọ́ta.
Ọmọ: Ẹ má bínú, Mà. Bí ẹ bá kó o jáde kí ẹ tó pé 59 àti ààbọ̀, ẹ máa san owó-orí, wọ́n sì lè yọ ìdá 10 mìíràn lé e gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn. Ṣé ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí ẹ fi í sí, ká mọ èyí tó jẹ́ ìpín àti èyí tó jẹ́ bọ́ǹdì?
Màmá: Ó dáa, jókòó. Ṣùgbọ́n má sọ̀rọ̀ kíákíá.

Àgbálọgbábọ̀

Kò sí ẹni tó mọ ohun tí ọjà máa ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, yálà ní Wall Street ni o, tàbí ní Èkó. Ohun tí ìdílé lè mọ̀ ni iye tí wọ́n ń ná, ibi tí wọ́n fẹ́ gbé, ọdún tó kù, iye tí wọ́n ń san fún àwọn tó ń tọ́jú owó, àti bóyá gbogbo ohun tí wọ́n ní wà lójú kan. Ìdáhùn márùn-ún yìí wúlò ju àsọtẹ́lẹ̀ lọ. Bí lẹ́tà bá tún dé, ẹ má kàn túmọ̀ rẹ̀ fún òbí yín kí ẹ sì dìde. Ẹ mú bébà àti bírò, kí ẹ jọ ṣírò rẹ̀ ní èdè tí wọ́n fi ń ronú. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, ọbẹ̀ yìí sì ni wọ́n máa jẹ fún ọdún 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.